Fèrèsé Kannakánná

Ìlérí tí mo ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ kẹwàá tó kú, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ àfi òun fúnra rẹ̀ àti kannakánná kan. Gajanan ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi náà, ṣùgbọ́n Ánnà ni gbogbo àdúgbò wa, Girgaon, ń pè é, torí bẹ́ẹ̀ la ń pe ọkùnrin tó bá ṣe ẹ̀gbọ́n fún ni. Òun ló ni ilé oúnjẹ Abhyankar lẹ́yìn tí baba wa lọ. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èmi ni mo ń yan ọkà bàbà, jéró àti ẹ̀wà tí a ń lọ̀ pọ̀ fún tálípíìtì, àkàrà pẹlẹbẹ ilé wa, èmi náà ni mo ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ oúnjẹ ọjọ́ sára pátákó dúdú ẹnu ọ̀nà. Mi ò lọ́kọ. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè ìdí rẹ̀, kó kọ́kọ́ wá yan ọkà bàbà fún ọdún mọ́kànlélógójì ká tó jọ sọ̀rọ̀.

Láràárọ̀, kí a tó ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà, Bhikaji alásè wa á po ìyẹ̀fun náà pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata, á fi ọwọ́ tútù tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí páànù irin, á sì fi ìka lu ihò sí i láàárín. Tálípíìtì àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe ti ènìyàn. Ánnà á gbà á gbígbóná, á ya á sí wẹ́wẹ́, á sì kó o sórí pèpéle fèrèsé kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Àwọn kannakánná á ti máa dúró dè é lórí igi máńgòrò àgbàlá. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí kannakánná bá jẹ, àwọn tó ti kú ló jẹ ẹ́. Ánnà kì í sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Á kàn dúró, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ á bà lé e ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, gbogbo ariwo Girgaon á sì dà bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú mìíràn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn.

Kí n má purọ́, èéfín ilé ìdáná yẹn kọjá àfẹnusọ. Atẹ́gùn òkun máa ń gba ojú fèrèsé náà wọlé, á sì ti gbogbo èéfín sọ́dọ̀ èmi tí mo wà nídìí ọkà yíyan. Dókítà ojú ní kí n jáwọ́ níbẹ̀ kí ojú mi má baà fọ́. Mo ní kí òun náà jáwọ́ nínú ìwòsàn ká jọ wà nílé. Ánnà gbọ́, kò rẹ́rìn-ín.

Ó kú nígbà òjò, ní èṣín. Ní ọjọ́ kẹwàá, a gbé ìrẹsì róbótó kalẹ̀ fún un létí adágún Banganga. Kannakánná gbọ́dọ̀ fẹnu kan ìrẹsì náà. Bí kò bá fẹnu kàn án, a jẹ́ pé ọkàn òkú ṣì so mọ́ nǹkan kan láyé, àwọn ará ilé á sì máa ṣe ìlérí lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọn ó fi dárúkọ ohun tó ń dà á láàmú. Òjò ń ṣẹ́ winniwinni. Àwọn kannakánná tò sórí òrùlé tẹ́ńpìlì bí ìjòyè tí wọn ò tíì fún ní àga.

Kedar, ọmọ kan ṣoṣo tí Ánnà bí, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ àwòrán ilé yíya ló kọ́, ojú ń tì í láti máa bá ẹyẹ sọ̀rọ̀.

"Bàbá, mi ò ní ta ilé oúnjẹ yín."

Kannakánná kọjú sí òkun.

"Bàbá, mo máa tún òrùlé tó ń jò yẹn ṣe."

Kannakánná ń fẹnu tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe.

"Bàbá, mo máa gbéyàwó lọ́dún tó ń bọ̀."

Èyí pa àlùfáà lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kannakánná ò mira. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí Kedar ò tíì gbéyàwó dòní.

Àlùfáà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní òkú ẹlòmíràn ń dúró de òun. Ó ti mú koríko dání tí yóò fi hun kannakánná àtọwọ́dá, kí ìyẹn fẹnu kan ìrẹsì ká lè máa lọ sílé. Inú mi bà jẹ́ gan-an. Ẹni tó bọ́ kannakánná fún odidi ọdún mọ́kànlélógójì, ṣé koríko ló yẹ kó wá jẹ oúnjẹ rẹ̀? Mo wo Kedar, ó ti dijú, ètè rẹ̀ ń mì. Èmi náà dijú. Mo sọ ọ́ nínú ikùn mi pé: "Ánnà, ẹnikẹ́ni ò ní dí fèrèsé yẹn. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè, wọn ò ní dí i."

Nígbà tí mo lajú, kannakánná ti wà lórí ìrẹsì. Ó ń jẹ ẹ́ tòótọ́, tòun ti òjò. Mo sunkún títí àlùfáà fi fún mi ní aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀.

Ẹyin lohùn. Àṣé nígbà tí tèmi ti balẹ̀ tán ni mo máa tó rántí pé ilé náà kì í ṣe tèmi, Kedar ló ni ín. Ó yẹ kí n sọ fún un lọ́jọ́ náà gan-an. Èmi tí mo ti bú gbogbo àdúgbò tán, ẹnu mi kọ̀ láti sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé mo fi ohun tí kì í ṣe tèmi ṣe ìlérí fún òkú. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹnjiníà wá, ó ní bí a ò bá ti ilé náà pa ká tún un ṣe, òrùlé á wó lé oníbàárà lórí. Orúnkún mi náà ti ń yọ mí lẹ́nu. Kedar ní kí n lọ sinmi nílé àwọn baba wa ní Guhagar, létí òkun. Mo lọ.

Oṣù mẹ́rìnlá ni mo lò níbẹ̀. Guhagar dákẹ́. Ìkùukùu máa ń ti ojú òkun wá láàárọ̀, á gba àárín àwọn ọ̀pẹ wọlé títí dé ẹnu ọ̀nà mi, n ò sì ní mọ̀ bóyá mo ti jí tàbí mo ṣì ń sùn. Àlá kan náà ni mo ń lá. Ánnà dúró lójú fèrèsé rẹ̀, tálípíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń yọ èéfín, ṣùgbọ́n lẹ́yìn fèrèsé náà kò sí àgbàlá, kò sí igi máńgòrò, òkun ni. Kì í bá mi sọ̀rọ̀. Á kàn na ọwọ́ jáde bí ẹni tó ń wò ó bóyá òjò ń rọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì tí a fi ń bọ́ àwọn òkú wa lọ́dọọdún dé, mo gbé oúnjẹ síta fún kannakánná, ó di ọ̀sán kí ọ̀kan tó yọjú. Ẹ̀rù bà mí.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà tí Kedar fi pè mí lórí fóònù.

"Átyà," ó ní, bí ọmọ ti ń pe àbúrò baba rẹ̀ obìnrin, "ọjọ́ ọdún Dasara la máa ṣí ilé oúnjẹ padà. Ẹ gbọ́dọ̀ wà ńbẹ̀ o."

"Fèrèsé ńkọ́?"

"Fèrèsé wo? Átyà, fèrèsé pọ̀ ńbẹ̀ báyìí! Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Ọmọ tó kọ́ iṣẹ́ àwòrán ilé yíya lò ń bi ní fèrèsé, o retí kó mọ̀ pé ẹyọ kan lò ń sọ! Mi ò béèrè mọ́.

Ọkọ̀ ojú irin gbé mi dé ní ìdájí ọjọ́ Dasara. Gbogbo ọ̀nà ló pupa fún òdòdó aláwọ̀ ọsàn: lára ilẹ̀kùn, lára takisí, lára ẹ̀rọ ìránṣọ telọ. Mi ò tíì sùn tó, orúnkún mi ò sì dùn mí, ló bá ń ṣe mí bí ẹni pé ṣe ni mò ń léfòó lọ. Mo yà sí ìgboro wa. Mo dúró.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Wọ́n ti kun ilé oúnjẹ Abhyankar funfun, igi òrùlé rẹ̀ ń dán, wọ́n sì ti sọ fèrèsé kékeré ògiri iwájú di ńlá tí oòrùn òwúrọ̀ ń gbà wọlé. Àwọn tábìlì mábù baba wa ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kàn fọ̀ wọ́n ni, àbàwọ́n tíì ọgọ́ta ọdún ti lọ. Àwọn ènìyàn ti tò sẹ́nu ọ̀nà, Rajwade Tíṣà ló ṣíwájú. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tipẹ́, kò sì pa àárọ̀ kan jẹ lọ́dọ̀ wa rí. Ṣùgbọ́n pátákó mi ò sí lẹ́nu ọ̀nà. Ibi tí ó ń kọ́ sí ti di gíláàsì.

Mi ò kí ẹnikẹ́ni. Mo gba àárín tábìlì kọjá lọ tààrà sí ilé ìdáná.

Ògiri ni mo bá. Níbi tí fèrèsé wà, wọ́n ti fi bíríkì dí i, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n sì ti kùn ún. Páìpù ńlá kan gba òkè rẹ̀ jáde. Mo fọwọ́ kan ògiri náà. Ó tutù, ó ń dán, kò sí àpá kankan lára rẹ̀ tó fi hàn pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni ti gba ibẹ̀ kọjá rí. Bhikaji wà nídìí páànù rẹ̀, ó wọ fìlà funfun.

"Bhikaji, fèrèsé dà?"

"Ẹ káàbọ̀, Tái," ó ní, bí a ti ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin. "Ṣé ẹ ò ní kí mi kẹ́ ẹ tó bi mí ní fèrèsé?"

"Mo ní fèrèsé dà!"

"Ẹ̀rọ tó ń fa èéfín ni wọ́n fi síbẹ̀. Ẹ wo ẹyinjú mi, Tái. Ọgbọ̀n ọdún ló fi pọ́n bí ata, ó ti funfun báyìí. Ìyàwó mi ní mo ti dà bí ọkọ ìyàwó."

"Ìyàwó rẹ ò ríran dáadáa."

Kedar wọlé lákòókò yẹn, ó wọ aṣọ tuntun, ó mú ewé Dasara dání, èyí tí a ń fún ara wa tí a ń pè ní wúrà. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi. Mo fa ẹsẹ̀ mi sẹ́yìn.

"Átyà, wúrà yín rèé."

"Fi wúrà rẹ sápò. Ta ló ní kó o dí fèrèsé Ánnà?"

"Ẹ kọ́kọ́ jókòó ná, Átyà, ẹ mu omi..."

"Mi ò tìtorí omi wá láti Guhagar. Ta ló ní kó o dí i?"

"Èmi ni."

"O tún fẹnu ara rẹ sọ ọ́!"

Tálípíìtì àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná lórí páànù. Mo fi ọwọ́ lásán mú un, ó jó mi, mi ò sọ ọ́ sílẹ̀. Mo kígbe tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà níta pé ẹnikẹ́ni ò ní jẹun nílé yìí títí kannakánná á fi jẹ tirẹ̀. Mo bá gba ẹ̀yìn jáde sí àgbàlá.

Wọ́n ti gé ẹ̀ka igi máńgòrò nítorí àkàbà àwọn bíríkìlà. Mo ya tálípíìtì sórí ìgànná, mo jókòó sórí àpótí kan tí àwọn oníṣẹ́ gbàgbé, mo sì ń wo òkè. Ojú ọ̀run funfun bí omi ìrẹsì. Ilù Dasara ń dún láti ọ̀nà jíjìn. Ó ń ṣe mí bíi pé Ánnà wà ní òdìkejì ògiri yẹn, nínú ilé ìdáná, oúnjẹ gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń fọwọ́ tá ògiri kiri tí kò rí ojú ibi tó máa gbà. Mo ti parọ́ fún òkú. Ohun tó ń pa mí lára nìyẹn. Kannakánná kankan ò wá.

"Vatsala!" Rajwade Tíṣà ló ń pe orúkọ mi láti iwájú ilé. "Ebi ń pa alààyè náà o!"

"Tíṣà, ẹ ti dúró fún odindi ọdún kan! Ẹ dúró díẹ̀ sí i!"

"Ọdún kan yẹn ló jẹ́ kí ebi ọ̀hún pọ̀!"

Mo gbọ́ bí gbogbo wọn ṣe ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Tálípíìtì orí ìgànná ti tutù, eṣinṣin kan ti bà lé e.

Kedar jáde wá. Ó lóṣòó tì mí, tòun ti aṣọ tuntun rẹ̀. Ó ṣe é bí baba rẹ̀ ti máa ń ṣe é, apá lórí orúnkún. Ìyẹn ló tú ẹnu mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: Banganga, koríko ọwọ́ àlùfáà, ohun tí mo sọ nígbà tí mo dijú, bí kannakánná ṣe bà lẹ́yìn rẹ̀, àti bí mo ṣe fi í pamọ́ torí pé ojú tì mí.

Ó yọ ewé wúrà rẹ̀ jáde lápò.

"Átyà, ìgbà tẹ́ ẹ dijú yẹn, èmi náà dijú."

"Mo rí ọ."

"Èmi náà ṣe ìlérí. Mi ò lè là á sọ níṣojú yín ni."

"Ìlérí wo?"

Ó ń fi ewé ọwọ́ rẹ̀ ṣeré, kò wò mí lójú. "Ní ọsíbítù, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí Bàbá kú, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. Wọ́n ní, 'Kedar, mo ti fi èéfín ba ojú Vatsala jẹ́ tán. Ọdún mọ́kànlélógójì, mi ò rí i kó jókòó rí. Mo ń bọ́ ẹyẹ, mo ń bọ́ gbogbo Girgaon, àbúrò mi ń jẹun lórí ìdúró.' Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ ní Banganga pé èéfín ò ní kan ojú yín mọ́. Pé lọ́jọ́ tá a bá ṣí ilé, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ jókòó jẹun, ká tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn."

"Fèrèsé yẹn wá ńkọ́?"

"Òun ló ń dá èéfín padà sí yín lójú, Átyà. Mo wọ̀n ọ́n, mo tún un wọ̀n. Tí mi ò bá dí i, mi ò lè mú ìlérí tèmi ṣẹ."

Bí a ṣe rí nìyẹn, àwa méjèèjì nínú àgbàlá, bí ọmọdé tó fọ́ ìkòkò. Ìlérí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìkan ń tako ìkejì, kannakánná kan ṣoṣo ló sì wá. Ta ló dá lóhùn? Mo ti rò pé èmi mọ ohun tó wà lọ́kàn Ánnà ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo rò ó pé fèrèsé ló ń rò. Mo rántí ìṣẹ́jú márùn-ún àràárọ̀ yẹn, bó ṣe máa ń dákẹ́ lójú fèrèsé. Mi ò bi í léèrè rí ohun tó ń bá àwọn òkú sọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orúkọ mi ló ń dá fún wọn láràárọ̀. Ọkàn mi ro mí, ó sì tún fúyẹ́, mi ò mọ èwo ló ṣáájú.

"Ẹ dìde, Átyà," Kedar ní. "Àbí ẹ fẹ́ kí Tíṣà wó ilẹ̀kùn tuntun mi ni?"

Ó fà mí dìde. Ó mú mi wọlé, ó mú mi dé ibi tábìlì mábù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ńlá iwájú. Pátákó dúdú mi ló kọ́ sí ara ògiri níbẹ̀. Kedar ti gbé e kọ́ sísàlẹ̀ gan-an, kí ẹni tó jókòó lè na ọwọ́ kọ ọ́. Ṣọ́ọ̀kì tuntun wà lórí tábìlì. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ti kọ nǹkan sára rẹ̀.

Mo jókòó. Ẹ ò lè mọ bó ṣe rí. Gbogbo àwọn tó jókòó sórí àga wọ̀nyẹn láti ọdún mọ́kànlélógójì, mo mọ orúkọ wọn àti ohun tí wọ́n ń jẹ, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé láti ibẹ̀, ènìyàn máa ń rí igun òpópónà títí dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ òkun ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún mi rí.

Bhikaji fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, tálípíìtì mìíràn, gbígbóná, bọ́tà funfun ń yọ́ lórí rẹ̀, ó ń ṣàn wọ inú ihò tó fi ìka lù.

"Ẹ jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, Tái. Tí kò bá dùn, ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ bú, ẹ má bú mi."

Mo ya á sí méjì. Mo ṣí fèrèsé, mo fi ìdajì kan sórí pèpéle rẹ̀ níta, sínú oòrùn. Mi ò ṣe ìlérí kankan lọ́tẹ̀ yìí. Mo kàn ní, "Ánnà, wá jẹun." Mo wá mú ìdajì tèmi.

Bhikaji ò gbàgbé ọwọ́ rẹ̀. Ọkà bàbà náà ha lẹ́nu, àlùbọ́sà ti jó díẹ̀ létí, bọ́tà sì tutù nínú gbígbóná rẹ̀. Èéfín ò sí lójú mi. Omijé tó wà níbẹ̀, èmi ni mo ni ín. Mo gbọ́ tí Kedar ṣílẹ̀kùn, tí Rajwade Tíṣà kọ́kọ́ wọlé, tí àga ń dún, tí àwọn ènìyàn ń fún ara wọn ní wúrà, tí ẹnì kan ń béèrè pé tíì dà. Ohun gbogbo ń ṣàn yí mi ká bí ìkùukùu Guhagar. Mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ìka mi, mo tún ń wá èérún inú àwo.

"Átyà!" Kedar ti dúró lẹ́yìn mi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń nàka sí fèrèsé. "Átyà, ṣé ẹ rí i?"

Mo gbójú sókè. Pèpéle fèrèsé ti ṣófo, oòrùn nìkan ló kù lórí rẹ̀.

"Mi ò rí i," mo dá a lóhùn. "Ṣé o ò rí i pé mò ń jẹun ni?"